Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ìrìn Yí Ọ̀gọ̀dọ̀ Ká

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àwa tí a ń kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbà kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Olùkọ́ wa ní kí á ká lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀ tí ó wà lẹ́yìn abúlé. Bàbá kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, omi tí mo ti ń mu láti kékeré! Kí ló tún kù tí n ó wò níbẹ̀?"

Olùkọ́ dáhùn pé, "Bàbá, ẹ ti ń rí i lóòótọ́. Lónìí, ẹ jẹ́ kí á wò ó."

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ìrì ṣì wà lára koríko. Ohun tí a kọ́kọ́ bá lẹ́bàá ọ̀nà ni patanmọ́. Òdòdó rẹ̀ rí roboto bí òwú kékeré, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹsẹ̀ wa ti kàn án, ewé rẹ̀ pa dé. Ìtìjú kọ́ o. Omi tí ó wà ní oríkèé ewé ni ó sá kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí a dé etí omi, a rí òṣíbàtà àti ojúoró. Àwọn àgbà wa máa ń dárúkọ méjèèjì bí wọ́n bá ń ṣe àdúrà pé kí ènìyàn lékè. Ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára mu. Òṣíbàtà fi gbòǹgbò mọ́ ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ewé rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi. Òdòdó rẹ̀ funfun. Alẹ́ ni ó máa ń là. Bí oòrùn bá ti mú, a pa dé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi tètè jáde. Ojúoró kò fi gbòǹgbò kan ilẹ̀ rárá. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fì nínú omi bí irùngbọ̀n, ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbé e sí ni ó ń lọ.

Lórí igi tí ó tẹ̀ bo omi, àwọn ẹ̀ga ń pariwo. Akọ ni ó ń hun ilé, abo ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ilé kò bá wu abo, akọ yóò tú u, yóò tún òmíràn hun. Àwọn obìnrin inú wa pàtẹ́wọ́ fún abo ẹ̀ga.

Lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa, a rí ohun kan nínú omi bí okùn gígùn tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ dúdú wẹ́wẹ́ sín. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ọmọ tí yóò jáde níbẹ̀ kò ní ẹsẹ̀, ìrù ni ó ní. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni yóò kọ́ yọ, ti iwájú yóò tẹ̀lé e, ìrù yóò sì súnkì tán. Lámilámi kan ń fi ìdí kan omi pẹ́pẹ́. Ẹyin ni òun náà ń yé. Inú omi ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, a sì máa jẹ tanwíjí, èyí tí í ṣe ọmọ ẹ̀fọn. Bí ó bá dàgbà tán, a tún máa mú ẹ̀fọn jẹ.

Nítorí náà, ẹni tí ó da oògùn kòkòrò kòkó sínú omi láti fi pa ẹja, ẹja nìkan kọ́ ni ó pa. Ó pa ọmọ lámilámi tí ń bá wa jẹ ẹ̀fọn. Ẹni tí ó bá sì jẹ ẹja náà, májèlé ni ó jẹ.

A yíká dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Olùkọ́ fi igi yí ewé òṣíbàtà kan padà. Ìgbín wẹ́wẹ́ mẹ́ta lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí èyí tí ó tó èékánná àtàǹpàkò. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kan omi níbí. Irú ìgbín báyìí ni ó ń gbé àtọ̀sí ajá."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ẹni tí ó ní àrùn náà a tọ̀ sínú omi. Ẹyin kòkòrò wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ọmọ kòkòrò a wọ inú ìgbín, a pọ̀ sí i níbẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, a jáde sínú omi, a gba awọ ara wọ inú ẹni tí ó ń wẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ a máa tọ ẹ̀jẹ̀.

Ìyá kan nínú wa dákẹ́ lọ títí. Ó wá ní, "Ọmọ mi ọkùnrin ń tọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ó ń di géńdé ni."

"Rárá o, Màmá. Àrùn ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà."

Bàbá tí ó fi wá rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi àpá sòbìà hàn wá ní kókósẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Omi yìí náà ni mo ti mu ún."

Láàrin 1988 sí 1989, wọ́n ka ènìyàn tí ó ju 650,000 lọ tí sòbìà ń dà láàmú ní Nàìjíríà. Kò sí abẹ́rẹ́ tí ń dènà rẹ̀, kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Àwọn ènìyàn kọ́ láti máa fi aṣọ sẹ́ omi mímu. Wọ́n gbẹ́ kànga. Wọn kò jẹ́ kí ẹni tí ó ní egbò sòbìà tẹ omi. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa. Ìmọ̀ ni ó lé e lọ.

A padà sílé pẹ̀lú ìpinnu mẹ́ta. A kò ní tọ̀ sínú omi tàbí sí etí rẹ̀. A kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ wa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. A kò ní da oògùn sí i. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá yẹn àti ọmọ rẹ̀ ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè
1. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàrin òṣíbàtà àti ojúoró?
2. Ọ̀nà wo ni lámilámi fi ń ràn wá lọ́wọ́?
3. Báwo ni àtọ̀sí ajá ṣe ń ti ara ènìyàn kan dé ara ẹlòmíràn?
4. Rìn yí omi tí ó wà nítòsí rẹ ká. Kọ orúkọ ohun márùn-ún tí o rí níbẹ̀.