Ẹ̀kọ́: Ọkọ̀ Tó Ń Kùn Nínú

Ẹ kà á

Awakọ̀ kan gbé Peugeot 504 rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Pọbẹ̀. Kétu sí Àjàṣẹ́ ló ń ná. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ.

Awakọ̀: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mẹkáníìkì: Òo, bàbá, ẹ káàbọ̀. Ilé ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́?

Awakọ̀: A dúpẹ́. Ọkọ̀ yìí ló ń dà mí láàmú. Oṣù tó kọjá ni mo pààrọ̀ sáílẹ́ńsà. Ẹni tó tà á fún mi ní ọkọ̀ á lágbára sí i. Láti ìgbà náà, inú ọkọ̀ a máa kùn "hùùù". Tí mo bá délé lálẹ́, etí mi ṣì ń hó. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní orí ń fọ́ àwọn.

Mẹkáníìkì: Ṣé gbogbo ìgbà ló ń kùn?

Awakọ̀: Rárá o. Tí mo bá rọra ń lọ, kò sí nǹkan. Tí mo bá sáré gan-an, ó tún dín kù. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà.

Mẹkáníìkì: Orí tó ń fọ́ àwọn èrò ló bà mí lẹ́rù ju ìró lọ. Ṣé ẹ máa ń fi okùn so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà tí ẹrù bá pọ̀?

Awakọ̀: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹrù ọjà ò kúkú ní gbélé.

Mẹkáníìkì: Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, bàbá. Ẹ jẹ́ ká wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yìí.

1. Kí ni sáílẹ́ńsà ń ṣe?

Epo ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí epo bá jó, èéfín a tú jáde pẹ̀lú agbára bí ìbọn. Ọ̀pá èéfín ló ń gbé e lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Sáílẹ́ńsà ni agolo irin ńlá tó wà lójú ọ̀nà ọ̀pá náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ariwo, kí èéfín sì lè kọjá.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọdún 1897, Milton Reeves àti Marshall Reeves, ní ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí sáílẹ́ńsà ẹ́ńjìnnì.

Oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà:

a) Oníyàrá. Inú rẹ̀ pín sí yàrá yàrá. Ìró a máa lu ògiri, a sì máa padà lu ara rẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán.

b) Olójú-ọ̀nà-tààrà. Ọ̀pá kan tí wọ́n dá ihò sí lára ló gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n fi òwú onígíláàsì dì í yíká. Òwú náà ló ń mu ìró. Èéfín ń tètè kọjá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kúrú, kì í lè mu ìró tó wúwo, tó ń lọ nísàlẹ̀. Ìró wúwo yìí gan-an ló ń kùn nínú ọkọ̀.

Báwo la ṣe lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Kí ẹ tó rà á, ẹ gbé e sókè, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹnu kan. Tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tààrà ní ẹnu kejì, olójú-ọ̀nà-tààrà ni.

2. Kí ló dé tó fi ń kùn ní àárín eré?

Ẹ mú ìgò òfìfo. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba ẹnu rẹ̀. Yóò kùn "hùùù". Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ tún fẹ́ ẹ. Ohùn náà yóò yí padà. Ohun tó bá ní ihò nínú ní ohùn tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ọkọ̀ rí. Ó dà bí ìgò ńlá. Ọ̀pá èéfín náà dà bí fèrè. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ṣe déédéé pẹ̀lú ohùn ọkọ̀ tàbí ohùn ọ̀pá, wọn a gbe ara wọn. Ìgbà yẹn ni gbogbo irin á máa gbọ̀n. Tí eré bá yí padà, ìró ẹ́ńjìnnì á yí padà, kíkùn náà á sì dín kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀lọpọ̀ Peugeot 504 ní sílíńdà 4. Tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, epo á jó lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní ó ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú 1:

3000 × 2 = 6000 ní ìṣẹ́jú 1
6000 ÷ 60 = 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 1

Ìró náà ń lu etí yín nígbà 100 kí ẹ tó ṣẹ́jú.

3. Kí a tó náwó, kí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ẹ má tíì ra sáílẹ́ńsà mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ yẹ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí wò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má ṣe é nínú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí ọ̀pá tutù, nítorí ó lè jó yín lọ́wọ́.

Èkíní: ibi tó ń jò. Ẹ wo gbogbo oríkèé ọ̀pá, láti ara ẹ́ńjìnnì dé ìdí ọkọ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, èéfín ń jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan ṣáná sí ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù. Kí ẹlòmíràn fi àkísà tó nípọn di ẹnu ọ̀pá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ "ṣíí" níbì kan, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Èkejì: rọ́bà tó gbé ọ̀pá kọ́. Rọ́bà ló yẹ kó gbé ọ̀pá kọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Tó bá já, ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa fi wáyà so ó. Wáyà kì í mu gbígbọ̀n. Ó ń gbé e lọ sára ọkọ̀ ni, ọkọ̀ á sì dún bí ìlù. Ẹ tú wáyà, ẹ fi rọ́bà tuntun sí i.

Ẹ̀kẹta: ibi tí irin ti kan irin. Ó yẹ kí àyè wà láàárín ọ̀pá àti ara ọkọ̀. Tí ọ̀pá bá ń kan ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ tún un gbé kọ́.

Nígbà mìíràn, nǹkan mẹ́ta yìí nìkan ti tó.

4. Tí kíkùn náà kò bá lọ ńkọ́?

Ẹ má yọ sáílẹ́ńsà àárín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní méjì, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn kan a máa yọ ti àárín, wọn a fi ọ̀pá lásán rọ́pò rẹ̀ kí owó lè dín kù. Ibẹ̀ ni kíkùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ dá a padà.

Ẹ ra èyí tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ bá ọ̀pá yín mu. Ọ̀pá tó fẹ̀ jù a máa dún jù. Nínú méjì tó jọra, èyí tí agolo rẹ̀ tóbi tó sì gùn ló sábà ń pa ariwo jù. Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ mì í. Tó bá ń dún "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀", inú rẹ̀ ti jẹrà. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ tún lè jó ọ̀pá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá èéfín, bí ẹ̀ka igi. A ó dí ìparí ọ̀pá yìí pa. Ìró á wọ inú rẹ̀, á lu ìdí rẹ̀, á padà wá bá ìró tó ń bọ̀. Bí ẹni méjì bá fi agbára kan náà ti ilẹ̀kùn, ọ̀kan láti inú, ọ̀kan láti ìta, ilẹ̀kùn kò ní mì. Báyìí ni ìró méjèèjì ṣe ń pa ara wọn.

Gígùn ọ̀pá náà ṣe pàtàkì. Nínú èéfín gbígbóná, ìró lè rin mítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá 1. Tí kíkùn bá jẹ́ 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 1:

500 ÷ 100 = 5
5 ÷ 4 = 1,25

Ọ̀pá náà yóò gùn tó mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 25. Ṣùgbọ́n inú ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ máa ń tutù ju ti ọ̀pá ńlá lọ, ìró kì í sì í yára tó bẹ́ẹ̀ níbi tó tutù. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó gùn, kí ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa gbọ́ ọ. Eré kan ṣoṣo ni ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ń wò sàn.

5. Èéfín tó ń pani

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Gáàsì kan wà nínú èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á máa fọ́ ènìyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, oorun á sì máa kùn ún. Tí kò bá tètè kúrò níbẹ̀, ó lè kú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èéfín fi ń wọ inú ọkọ̀: ọ̀pá tó ń jò, ihò lára ilẹ̀ ọkọ̀, àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á máa fa èéfín padà gba ẹ̀yìn wọlé. Nítorí náà, ẹ má fi okùn so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nítorí ẹrù. Ẹ di ẹrù tó kù sí orí ọkọ̀, tàbí kí ó dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ẹ rí i pé ẹnu ọ̀pá yọ jáde kọjá ìdí ọkọ̀.

Tí orí bá ń fọ́ èrò méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò bá yá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ má gbàgbé etí. Tí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó jókòó tì yín tó gbọ́, ariwo náà ti pọ̀ jù. Etí tí ariwo bá ti bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Ẹ dáhùn

1. Nígbà wo ni ọkọ̀ awakọ̀ yìí ń kùn? Kí ló fà á?
2. Kí ló dé tí wáyà kò dára láti fi gbé ọ̀pá èéfín kọ́?
3. Kí ló ba mẹkáníìkì lẹ́rù ju ìró lọ?
4. Kí ni àwọn èrò lè ṣe tí awakọ̀ bá fẹ́ so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Ẹ jọ sọ ọ́ ní kíláàsì.

Ẹ ṣírò

Ẹ́ńjìnnì kan tó ní sílíńdà 4 ń kùn nígbà tó bá ń yí nígbà 2400 ní ìṣẹ́jú 1. Ìgbà mélòó ni epo ń jó ní ìṣẹ́jú àáyá 1? Báwo ni ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ yóò ṣe gùn tó?

Ìdáhùn: ìgbà 80. Mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 56.