Lupus àti Àjogúnbá

Àwọn kókó pàtàkì
• Lupus jẹ́ àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Agbára tí ara fi ń dènà àrùn ni ó ń ṣìnà, tí ó sì ń gbógun ti ara fúnra rẹ̀.
• Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn.
• Nínú aláìsàn 10, nǹkan bí 9 ni ó jẹ́ obìnrin.
• Bí ó bá wà nínú ìdílé, ewu rẹ̀ a máa pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbátan aláìsàn ni kò ní mú láéláé.

Ohun tí ènìyàn ń jogún
Àyípadà nínú jíìnì kan ṣoṣo, tí ọmọ gbà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ni ó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Lupus kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìnì ni ó ń dá kún ewu rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Lára wọn ni àwọn jíìnì HLA, tí ń ran ara lọ́wọ́ láti mọ ohun tí í ṣe tirẹ̀ yàtọ̀ sí àjèjì.

Àwọn ìbejì tí wọ́n wá láti inú ẹyin kan ní jíìnì kan náà. Síbẹ̀, bí lupus bá mú ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà ni kì í mú èkejì. Nítorí náà, jíìnì nìkan kò tó. Ìtànṣán oòrùn, hòmóònù, àwọn àkóràn kan àti àwọn oògùn kan lè ru àìsàn náà sókè. Kì í ṣe ẹ̀bi òbí, kì í sì í ṣe èpè.

Kíndìnrín
Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní irú jíìnì APOL1 kan tí ó ní ipa nínú dídènà irú àìsàn oorun kan tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Bí lupus bá mú ẹni tí ó jogún irú jíìnì yìí lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ewu pé kíndìnrín rẹ̀ yóò daṣẹ́ sílẹ̀ pọ̀ sí i. Kíndìnrín sì lè máa bàjẹ́ láìsí ìrora.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera
• Ẹ béèrè bóyá lupus tàbí àìsàn mìíràn tí ó jọ ọ́ wà nínú ìdílé.
• Ẹ fura bí ìrora oríkèé, ọgbẹ́ ẹnu, irun tí ń já tàbí ibà tí kò gbọ́ oògùn ibà bá jọ wà pọ̀. Pípọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè má hàn dáadáa lára awọ dúdú.
• Ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì yẹ ìtọ̀ wò fún purotéènì nígbàkigbà tí aláìsàn bá wá.

Fún aláìsàn àti ìdílé
• Kò sí àyẹ̀wò jíìnì tí ó lè sọ ní pàtó ẹni tí lupus yóò mú.
• Bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí ìtọ̀ bá ń hó, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.
• Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lóyún ní láti kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.