Ṣé ẹni tó sanra nìkan ni àtọ̀gbẹ ń mú?

Ẹ bi àwọn èèyàn léèrè ní Eggua, ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò pé irú ẹni wo ni àtọ̀gbẹ máa ń mú. Kò ní í pẹ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ: olówó tó sanra, tó ń mu mínírà bí ẹni ń mu omi, tí kì í fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó ń ro oko pákí látàárọ̀ dalẹ́, tí ara ẹ̀ gbẹ bí igi, kò ní í rò ó láé pé òun náà lè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ewu ibẹ̀ nìyẹn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ láìdáwọ́ dúró, ó ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, ó ń rù sí i, jẹ̀díjẹ̀dí àti ibà ló ṣì ń wò. Ìgbà tí ojú bá ń ṣú tàbí tí egbò ẹsẹ̀ bá kọ̀ tí kò jinná ló máa tó dé ọsibítù.

Oníṣègùn kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ lè bá wa tú ọ̀rọ̀ yìí ká. Adebowale Adeyemo lorúkọ ẹ̀. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ó sì ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi ti jọ ṣiṣẹ́ ní National Human Genome Research Institute, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí jíìnì, ìyẹn àwọn ìlànà tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, tó ń sọ fún ara bó ṣe máa ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìsanrajù bẹ̀rẹ̀, torí irọ́ kọ́ ni pé ó lọ́wọ́ sí i. Lọ́dún 1997, Rotimi, Richard Cooper àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí 2 nínú 100 ló ní àtọ̀gbẹ. Ní erékùṣù Caribbean, ó di 9. Ní Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba, ó di 11. Orírun kan náà, ibùgbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ara wọn ṣe ń tóbi sí i láti ibì kan sí ìkejì ni àtọ̀gbẹ ń pọ̀ sí i.

Kí ló wá ń mú wọn sanra? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní àìṣiṣẹ́ agbára ni. Ní 2009, ìwádìí kan tí Amy Luke ṣáájú ẹ̀, tí Adeyemo náà wà níbẹ̀, wọn agbára tí àwọn obìnrin abúlé ní ilẹ̀ Yorùbá, lágbègbè Ìbàràpá, ń lò lójúmọ́. Wọ́n fi wé ti àwọn obìnrin adúláwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Kì í ṣe pé wọ́n kàn bi wọ́n léèrè o. Omi àkànṣe ni wọ́n fún wọn mu, ìtọ̀ wọn ni wọ́n sì fi ṣírò. Nígbà tí wọ́n yọ ìyàtọ̀ ìtóbi ara kúrò, agbára tí tọ̀tún-tòsì ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Agbára tí obìnrin kan ń lò kò sì sọ bóyá ó máa sanra sí i lẹ́yìn náà. Lójú tèmi, ìka ń tọ́ka sínú abọ́ ju ìdí ọkọ́ lọ.

Ẹ má tíì ju bàtà eré ìdárayá yín nù. Ẹ jẹ́ ká wọnú sẹ́ẹ̀lì ná.

Ẹ fojú inú wo gáréèjì. Èrò kún ojú títì bámúbámú: ìyẹn ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tó ti inú ẹ̀bà, láfún àti ìrẹsì wá. Àwọn ọkọ̀ tó máa gbé wọn relé ṣì wà nínú gáréèjì. Ínsúlìnì ni agbèrò. Tó bá ti lọgun, ọkọ̀ á jáde, èrò á sì wọ̀ ọ́. Bó ṣe rí gan-an nínú sẹ́ẹ̀lì ẹran ara nìyẹn. Àwọn ẹnu-ọ̀nà tíntìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní GLUT4, inú àpò kéékèèké ni wọ́n ń sùn sí. Tí ínsúlìnì bá kan ara sẹ́ẹ̀lì lóde, àwọn àpò yìí á gba orí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì lọ síbi awọ ẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, ṣúgà á sì ríbi wọlé.

Téèyàn bá sanra jù, pàápàá níkùn, àyè ìpamọ́ ọ̀rá á kún débi tí ọ̀rá fi máa ṣàn lọ sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀. Ọ̀rá yìí ló ń di awakọ̀ létí. Agbèrò ń pariwo, wọn ò gbọ́ ọ dáadáa. Pánkíríásì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tó ń ṣe ínsúlìnì, á wá máa da púpọ̀ sí i jáde. Tí agbára ẹ̀ bá gbé e, àtọ̀gbẹ lè má dé rárá. Tó bá rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, ṣúgà á kún ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí bàtà yẹn ti wúlò rèé: nígbà tí ẹran ara bá ń ṣiṣẹ́, GLUT4 máa ń jáde láìdúró de ínsúlìnì. Ọkọ̀ ń lọ láìsí agbèrò! Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lè má fọn rárá, síbẹ̀ kí ìrìn náà máa fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń fi òṣùwọ̀n nìkan díwọ̀n eré ìdárayá.

Àgbẹ̀ wa tó gbẹ bí igi ńkọ́? Ní 2019, Adeyemo, Rotimi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Communications. Wọ́n yẹ jíìnì àwọn èèyàn tó lé ní 5,000 wò láti Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà. Àwọn kan ní àtọ̀gbẹ, àwọn kan ò ní. Wọ́n rí TCF7L2, tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lára òyìnbó. Wọ́n tún rí òmíràn, ZRANB3, èyí tó jẹ́ ti àwa ọmọ Áfíríkà ní tiẹ̀. Ká ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò ni, wọn ò bá má rí i.

Kí ni jíìnì yìí ń ṣe? Wọ́n lo ẹja kékeré abìlà kan, zebrafish, tí ọmọ ẹ̀ mọ́ gaara débi téèyàn fi lè rí inú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ba jíìnì náà jẹ́ lára ẹja, sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì pánkíríásì tó ń ṣe ínsúlìnì, dín kù. Nígbà tí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì eku, ṣúgà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ínsúlìnì tó jáde ò tó. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí etí awakọ̀ já geere, kó jẹ́ agbèrò ni ò pọ̀ tó láti ilẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò nílò ikùn ńlá kí ṣúgà ẹ̀ tó ga.

Àwọn kan náà tún rí jíìnì tó kan ìsanra, SEMA4D, ní 2017. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú 100 tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ní irú èyí tí wọ́n rí, ó sì ń fi bíi kílò 2.7 kún ìwọ̀n wọn. Kílò 2.7 péré! Ẹni tó bá fi 30 lé ìwọ̀n ẹ̀, kó má dá SEMA4D lẹ́bi.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ìrísí ò lè sọ ọ́. Téèyàn ò bá jẹun fún wákàtí 8, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (7.0 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mmol/L), tó sì tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà kejì, àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n tún lè ní kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò A1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyẹn náà dáa, àmọ́ nǹkan bí ẹnì 1 nínú 4 ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìwádìí tó jáde ní 2017 sì fi hàn pé A1c ẹni tó jẹ́ AS lè fi ṣúgà hàn pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ AS, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ti àìjẹun kún un.