Nígbà Tí Òótọ́ Dọ́jà Ọkọ̀ Àtijọ́

Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òwe yìí ni ẹ̀gbọ́n mi kan pa fún mi nínú gáréèjì wọn ní Houston, lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n yọ lẹ́tà SS tó wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ wọn kúrò. Chevrolet Chevelle ọdún 1970 ni ọkọ̀ náà, aláwọ̀ búlúù, tí ìlà funfun méjì gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọjá. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi tún un ṣe, Sátidé kan kì í lọ kí wọ́n má wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin wọ yunifásítì, wọ́n ní ó tó àsìkò láti tà á, wọ́n sì pè mí kí n wá bá wọn kọ ìpolówó rẹ̀, nítorí ìwé kíkọ ni mo fi ń jẹun.

"Àbúrò, fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Tí a bá yọ ọ́, owó ni a yọ dànù yẹn."

Mi ò bá wọn jiyàn lórí òwe. Ohun tí àwọn àgbà fojú rí lọ́jà ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọjà ju ọjà lọ. Nínú ọjà ọkọ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi owó lọ́wọ́ ra èké yóò padà wá, agbẹjọ́rò rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn.

Kí ni SS yìí tó bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 1964, ilé iṣẹ́ Pontiac ki ẹ́ńjìnnì V8 ńlá bọ inú Tempest, ọkọ̀ wọn tí kò tóbi jù, wọ́n sì sọ ọ́ ní GTO. Àwọn ọ̀dọ́ ya lù ú. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù fi ń lé wọn: Chevelle SS, ìyẹn Chevelle alágbára, dé, Dodge Charger dé, Plymouth Road Runner dé lọ́dún 1968. Muscle car ni ará Amẹ́ríkà ń pè wọ́n, ìyẹn ọkọ̀ tí owó òṣìṣẹ́ lásán lè rà, tó sì lágbára bí ọkọ̀ eré ìdíje. Nígbà tó fi máa di 1970, Chevelle SS tó gba ẹ́ńjìnnì 454 LS6 ti ní agbára ẹṣin 450. Lẹ́yìn náà ni adójútòfò gbówó lórí fún àwọn ọ̀dọ́, òfin èéfín ọkọ̀ le sí i, àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá sì dá epo dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 1973. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí ayé wọn fi tán. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó wọn fi wọ́n lónìí, ìdí kan náà sì nìyẹn tí ayédèrú fi pọ̀.

Lẹ́tà SS, ẹnikẹ́ni ló lè rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ Malibu lásán, ìyẹn Chevelle tí kì í ṣe SS. Chevelle SS ti 1966 sí 1968 rọrùn láti mọ̀, torí 138 ni nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1969 lọ, Chevrolet sọ SS di àfikún tí ẹni tó ń ra ọkọ̀ lè sanwó lé lórí. Nọ́ńbà ṣásí kò sọ ọ́ mọ́. Àfi kí ìwé sọ ọ́: rìsíìtì ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà, tàbí bébà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fi ń mọ ohun tí wọ́n máa dè mọ́ ọkọ̀, èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé sí orí táńkì epo tàbí sáàárín sípíríńgì àga. Ẹ̀gbọ́n mi ti tú táńkì, wọ́n ti tú àga. Wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n fúnra wọn mọ̀ pé Malibu ni. Ẹni tó tà á fún wọn ló ti lẹ lẹ́tà mọ́ ọn, owó SS sì ni ó gbà lọ́wọ́ wọn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n ṣe fún yín tó dùn yín yìí, ṣé ẹ fẹ́ ṣe é fún ẹlòmíì?" Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n mú sukudiráfà wá.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ta irú ọkọ̀ yìí nìyẹn: kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ ń tà. Ẹni tó ní Pontiac lè bèèrè ẹ̀dà ìwé ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní PHS. Ẹni tó ní Ford tí wọ́n ṣe láti 1967 lè sanwó fún Marti Report, èyí tí yóò sọ àwọ̀ tí ọkọ̀ náà ní nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì tó gbé wá àti ìlú tí wọ́n ti tà á. Ti Dodge àti Plymouth, ẹ wo pátákó irin kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ṣásí ní tirẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ń bẹ fún ẹni tó bá pa á rẹ́ tàbí tó yí i padà.

Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe Malibu lásán mọ́ o. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì tó bá a wá, wọ́n fi LS3 sí i, irú èyí tó wà nínú Corvette ọdún 2008. Wọ́n ti pààrọ̀ bíréèkì onílù sí ti disiki, wọ́n fi jíà alọ́wọ́ oníṣísẹ̀ márùn-ún sí i, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, èyí tí ẹni tó bá ti wakọ̀ ní Houston nínú oṣù kẹjọ yóò mọ ìdí rẹ̀. Owó gidi wà nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ta ló máa san án?

Ẹni mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Nínú ọjà yìí, oníbàárà méjì ló wà, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jọ jókòó pọ̀. Ẹnìkan fẹ́ kí gbogbo bóòtù rí bó ṣe kúrò nílé iṣẹ́, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá ti ṣásí mu. Tí ẹ bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá wo LS3, ẹ ti fi àkókò ẹ̀yin méjèèjì ṣòfò. Èkejì fẹ́ ọkọ̀ tó lẹ́wà bíi ti 1970, tó sì ṣeé gbé jáde láàárọ̀ Mọ́ńdè láìmú kẹ́ẹ̀gì omi dání. Ẹnì kejì yìí ni tiyín. Ẹ kọ ìpolówó fún un. Ẹ sọ ọ́ nínú ìlà àkọ́kọ́ pé Malibu ni, pé ẹ ti yí i padà, kí ẹ wá ka ohun tí ẹ ṣe, ẹni tó ṣe é, àti ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ohun tí ẹ bá sì yọ kúrò, ẹ má jù ú nù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo máa ń rántí òwe yìí tí mo bá ti ronú kan Mustang aláwọ̀ ewé tí Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt lọ́dún 1968. Ìdílé kan ra ọkọ̀ náà ní 1974, ìyá ilé sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí wọn ní 1977 pé kí wọ́n tà á fóun, wọn ò tà á. Wọ́n gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó dórí gbàǹjo Mecum ní Kissimmee, ní ìpínlẹ̀ Florida, lọ́jọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2020, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, irin tí àwọn onífíìmù jó mọ́ abẹ́ rẹ̀ láti gbé kámẹ́rà ṣì wà níbẹ̀. Mílíọ̀nù 3.4 dọ́là ni wọ́n lu òòlù sí, kí owó àwọn onígbàǹjo tó gun orí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fọ́n irú àkísà bẹ́ẹ̀ sára ọkọ̀. Lẹ́tà McQueen tí ìdílé náà tọ́jú wà lára ohun tí ẹni tó ra ọkọ̀ náà rà. Chevelle ẹ̀gbọ́n mi kò jọ ìyẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Gbogbo rìsíìtì ọdún mẹ́fà wà nínú fáìlì mẹ́ta, àwòrán ìgbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní egungun wà níbẹ̀, bíréèkì onílù àtijọ́ sì wà nínú páálí tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Ní ti àwòrán, èyí tó lẹ́wà kò ṣòro: ẹ jẹ́ kí oòrùn rọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó mọ́. Èyí tó ń tajà gan-an ni àwòrán ibi tí kò lẹ́wà. Ẹ gbé e sókè, ẹ ya abẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ ya inú búùtù lẹ́yìn tí ẹ bá ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, torí ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń sá sí, òun àti ìsàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹ ya fídíò ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú, láti ìgbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Oníbàárà tó gbọ́n yóò mú ẹ̀rọ tó ń wọn sísanra ọ̀dà wá, ẹlòmíì yóò mú mágínẹ́ẹ̀tì lásán, yóò sì mọ ibi tí panẹli-bítà ti fi pọ́tì dí ihò. Kí ẹ ti sọ fún un kó tó mú un jáde lápò. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní pọ́tì lára apá ẹ̀yìn ọ̀tún, a kọ ọ́ sínú ìpolówó, a sì ya àwòrán rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye ló máa ń dunni jù. Ohun tí ẹ ná kọ́ ni ọjà máa san. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a tún ṣe ni owó àtúnṣe rẹ̀ ju iye tó máa gbà lọ, ẹni tó bá fẹ́ gba gbogbo Sátidé rẹ̀ padà lówó yóò sì jókòó ti ọkọ̀ náà pẹ́. Hagerty, ilé iṣẹ́ tó ń díye lé ọkọ̀ àtijọ́, máa ń to ọkọ̀ sí ìpele 1 dé 4, kò sì sí ẹni tó tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe tí kò rò pé ìpele 1 ni. Ẹ fún tiyín ní 3, kí ẹ jẹ́ kí oníbàárà bá yín gbé e sókè. Kí ẹ sì wo iye tí wọ́n ti ta irú rẹ̀. Iye tí ẹnìkan kàn ń pè láti ọdún tó kọjá kò kọ́ni ní nǹkan kan.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Gbàǹjo ńlá bíi Barrett-Jackson ní Scottsdale máa ń kó àwọn olówó jọ nínú oṣù kìíní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gun orí pèpéle wọn ni kò ní iye àfilélẹ̀. Ohun tí òòlù bá bá a ni yóò gbé e lọ, tí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ yẹn tàbí tí ẹni tó fẹ́ ẹ kò wá, ẹ ti pàdánù. Gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Bring a Trailer dára fún ẹni tó ní àwòrán àti sùúrù láti dáhùn ìbéèrè. A ta tiwa fúnra wa. Ẹnìkan bi mí pé ṣé kò ní dára kí a gbé e ránṣẹ́ sí Èkó. Rárá o, òfin kọsítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ àlòkù tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé sí wa kò bèèrè ohunkóhun nípa ọkọ̀. Ó ní òun á fi sọ̀wédowó tí báńkì fọwọ́ sí ránṣẹ́, owó rẹ̀ á ju iye tí a pè lọ, kí a fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹni tó máa wá gbé e. Gbájú-ẹ̀ ni. Òfin ní kí báńkì tètè jẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ hàn nínú àkáǹtì yín, ṣùgbọ́n ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ pé ayédèrú ni sọ̀wédowó náà. Nígbà náà, wọ́n á yọ owó wọn, ìyókù tí ẹ ti fi ránṣẹ́ á sì di gbèsè yín. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà bá yín lọ sí báńkì, kó fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ báńkì yín pé ó ti wọlé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀. Ẹ má fagi lé adójútòfò kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ọkùnrin kan wá láti San Antonio pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó ti tẹ ìpolówó wa sórí bébà, ó sì fi bírò sàmì sí ibi tí a kọ pọ́tì sí. Ó lọ síbẹ̀ tààrà, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án, ó mi orí. Kò kan ibòmíì mọ́. Ó ní ọkọ̀ mẹ́ta ni òun ti rìnrìn àjò lọ wò lọ́dún yẹn, Malibu yìí ni àkọ́kọ́ tó rí bí wọ́n ṣe sọ pé ó rí. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ná an fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí kò tó ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ná, ó sì ju ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀rù pé wọ́n máa gbà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí báńkì ti pè, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì owó orí káúńtì, wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 130-U, ẹ̀gbọ́n mi tú nọ́ńbà ọkọ̀ kúrò. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n fi tó ìjọba Texas létí pé àwọn ti tà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ìyàwó ọkùnrin náà ló wa ọkọ̀ náà kúrò, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀lé e pẹ̀lú páálí bíréèkì àtijọ́ ní ẹ̀yìn ọkọ̀ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú ọ̀nà títí ìró ẹ́ńjìnnì náà fi dákẹ́. Lẹ́tà SS yẹn ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ wọn, wọn ò tà á fún ẹnikẹ́ni.