Búṣì Kékeré Inú Ọkọ̀ Ìjàpá

Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí ọkọ̀. Ì báà jẹ́ ẹni tó ní ọkọ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ń tún un ṣe, ì báà jẹ́ ẹni tó kàn ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ẹ mọ ọkọ̀ Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí rògòdò bí ẹ̀yìn ahun. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Èkó. Ní ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ferdinand Porsche ni ó ṣètò bí wọn yóò ṣe kọ́ Ìjàpá ní Jámánì. Ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe ọkọ̀ eré-ìje Porsche 356 ní ọdún 1948, ara Ìjàpá ni ó sì ti mú púpọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá ni ọkọ̀ tálákà àti ọkọ̀ olówó!

BÍ JÍÀ ṢE Ń GBỌ́ IṢẸ́

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Ẹ̀yìn náà ni àpótí jíà wà. Ṣùgbọ́n iwájú ni ọwọ́ jíà wà, láàárín àga méjì. Báwo ni ọwọ́ awakọ̀ ṣe ń dé ẹ̀yìn? Irin gígùn kan ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Inú ihò gbọọrọ tó wà láàárín ilẹ̀ ọkọ̀ ni irin yìí gbà kọjá. Bí awakọ̀ bá ti ọwọ́ jíà, irin náà yóò sún tàbí kí ó yí. Àpótí jíà yóò sì gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí i.

Irin yìí kò gbọdọ̀ máa jó kiri. Nítorí náà, níwájú, ó gba inú òrùka kékeré kan kọjá. Òrùka yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búṣì. Ike líle ni. Ẹ lè fi í sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ pa ọwọ́ dé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, gíríìsì rẹ̀ yóò gbẹ, irin yóò máa ha á jẹ. Yóò fẹ̀, yóò sán, yóò fọ́. Nígbà náà, iṣẹ́ tí a rán kọ́ ni àpótí jíà yóò máa gbọ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ní ìgbà kan, Ìjàpá ni àwa olùkọ́ fi ń lọ láti kíláàsì dé kíláàsì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń gun òkè láti Ìtawúrẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Àwa mẹ́rin ni a wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú ìwé àti fìtílà. Agbára ọkọ̀ ń dín kù ní jíà kẹta. Awakọ̀ wá jíà kejì, kò rí i. Ó tún wá a, irin ń ké gàràgàrà. Kí á tó mọ̀, ọkọ̀ ti ń fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà rí kọ́rọkọ̀rọ. Ọpẹ́ ni pé búrékì mú, a sì sáré fi òkúta sẹ́yìn táyà.

Ní ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì kan wo ọkọ̀ náà, ó ní àpótí jíà ti kú, kí á lọ ra òmíràn. Owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó tí a kó jọ fún ìwé àti epo fìtílà. Bí a bá san án, kíláàsì méjì yóò tú ká. A ti ń ka owó náà nígbà tí bàbá kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dé. Iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe ni bàbá náà ti ń ṣe láti kékeré. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ní sùúrù ná. Ẹ jẹ́ kí á wo abẹ́ ọwọ́ jíà kí á tó dá àpótí lẹ́bi.”

Ó ṣí i. Búṣì ti fọ́ sí mẹ́ta.

Ohun kan tún wú wa lórí. Kí bàbá tó tú ọwọ́ jíà, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ IWÁJÚ sí apá ibi tó kọjú síwájú. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B nígbà tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì wa ni o! Ó ní, “Látijọ́, orí ni mo fi ń rántí. Orí a máa gbàgbé. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbàgbé.”

ÀMÌ TÍ Ẹ Ó FI MỌ̀ Ọ́N

Ọwọ́ jíà yóò máa mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ. Yóò máa dún bí ọkọ̀ bá ń sáré. Jíà yóò ṣòro láti rí, pàápàá jíà kejì tàbí jíà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: okùn kílọ́ọ̀ṣì tó dẹ̀ náà lè mú kí jíà ṣòro láti wọlé. Ẹ yẹ òun náà wò.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ RẸ̀

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fa búrékì ọwọ́. Ẹ fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn.

2. Ẹ gbé àga ẹ̀yìn kúrò. Bátìrì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tú okùn bátìrì tó so mọ́ ara ọkọ̀, kí iná má baà ṣẹ́.

3. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà lórí ihò gbọọrọ ní ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni oríkèé tó so irin gígùn mọ́ àpótí jíà wà. Ẹ gé wáyà tó di bóòtù rẹ̀ mú, kí ẹ tú bóòtù tó wọ inú irin gígùn.

4. Níwájú, bóòtù méjì ni ó di ọwọ́ jíà mú. Ẹ kọ IWÁJÚ sí ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tú u. Àwo irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára òun náà. Àwo yìí ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ń wá jíà kejì ṣèèṣì kó sí jíà ẹ̀yìn.

5. Ẹ tan iná wo inú ihò. Ẹ fi ẹ̀mú di irin gígùn mú, ẹ fà á títí yóò fi bọ́ kúrò nínú búṣì. Ẹ kó gbogbo èérún búṣì náà jáde.

6. Ẹ mú búṣì tó gbó dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé tuntun. Ẹ wo rọ́bà inú oríkèé ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bí ó bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

7. Ẹ ti búṣì tuntun sí àyè rẹ̀ kí ó jókòó dáadáa. Ẹ fi gíríìsì kún inú rẹ̀. Ẹ fi gíríìsì pa irin, kí ẹ dá a padà.

8. Ẹ so oríkèé padà. Ẹnu bóòtù gbọ́dọ̀ wọ inú ojú kékeré tó wà lára irin. Ẹ fi wáyà tuntun dì í, kí ó má baà tú lójú ọ̀nà.

9. Ẹ dá àwo àti ọwọ́ jíà padà bí ṣọ́ọ̀kì ti wí. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ dán jíà 4 ti iwájú wò, kí ẹ dán ti ẹ̀yìn wò. Jíà ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ wọlé bí ẹ kò bá tẹ ọwọ́ jíà wálẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ike kékeré yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa jù sí kòtò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú kíláàsì méjì ká. Kí á tó ra ohun ńlá, ẹ jẹ́ kí á wo ohun kékeré. Ohun tí a bá sì tú, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó ń gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ jíà lọ sí àpótí jíà?
2. Kí ni iṣẹ́ búṣì?
3. Kí ni bàbá fi ṣọ́ọ̀kì kọ? Kí ni ìdí rẹ̀?
4. Ẹ kọ ohun mẹ́ta nínú iṣẹ́ tiyín tó yẹ kí ẹ máa kọ sílẹ̀ kí ẹ má baà gbàgbé.