Àdùkẹ́, Kí Lo Rí Nínú Fíìmù Náà?

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé òtútù Manchester ti ń rọlẹ̀? Màmá rẹ ní kí n bá òun kí ọ, pé kí o má gbàgbé láti máa wọ aṣọ tó nípọn.

Ohùn tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí dé etí mi. O ní ká wo Aníkúlápó, ká wo Jagun Jagun, ká wo House of Ga'a, pé gbogbo wọn ló dùn, pé ẹni tí kò bá wò wọ́n ti pàdánù. Inú mi dùn púpọ̀ pé ọmọ wa tó wà lókè òkun ló ń rán àwa tí a wà nílé létí fíìmù tí wọ́n fi èdè wa ṣe. Mo sì ti rí i pé àwọn àbúrò rẹ kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣeré: ohun tí o bá ní kí wọ́n wò ni wọ́n ń wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí sí ọ.

Àdùkẹ́, "ó dùn" kò tíì tó ọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí n mọ̀ pé inú rẹ dùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n mọ ohunkóhun nípa fíìmù náà. Sọ ohun tí o rí fún mi ná. Tí o bá ń pè wá wá wo Aníkúlápó, sọ fún wa pé ìtàn Sàró ni, ọkùnrin ahunṣọ tó wọ Ọ̀yọ́ láìní ẹbí láìní ará, tí ọ̀rọ̀ obìnrin sì kó o sí wàhálà láàfin. Sọ pé abúlé fíìmù tí Kúnlé Afọláyan dá sílẹ̀ ní Ìgbòjáyè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti yà á, àti bí ojú rẹ ṣe rí ilé amọ̀ àti aṣọ àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ ibi tó mú ọ lọ́kàn. Èmi, ibi tó mú mi ni ìgbà tí Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé agbára àtijí òkú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan láàárọ̀, nígbà tó fi máa di alẹ́, àwọn ọlọ́lá ló ń bẹ̀ ẹ́. Ojú Kúnlé Rẹ̀mí tó ṣe Sàró yí padà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ààfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ló pẹ́ jù fún mi. O lè má gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, o ti rí ibi tí o ti lè bá mi jiyàn.

Mo tún fẹ́ kí o máa ro ẹni tí ò ń sọ ọ́ fún. Obìnrin kan wà ládùúgbò màmá rẹ tí kò tíì pé ọdún tó sin ọmọ rẹ̀. Màmá rẹ fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí i kó lè fi fíìmù gbàgbé ìrònú díẹ̀. Nígbà tí òkú bẹ̀rẹ̀ sí í jí nínú Aníkúlápó, obìnrin náà pa tẹlifíṣọ̀n, ó wọ yàrá lọ, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n, n kò sì bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ká ní ohùn rẹ sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ikú àti àjíǹde pọ̀ nínú rẹ̀, màmá rẹ kò ní í fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Bákan náà, fíìmù kan wà tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ jókòó wò ní pálọ̀. O mọ irú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú Jagun Jagun, ìyà tí àwọn ọ̀dọ́ ń jẹ ní àgọ́ Ògúndìjì, olórí ogun inú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún méje lè rí kó sì sùn. Gbólóhùn kan péré ló máa gbà ọ́ láti sọ èyí.

Má sì gbàgbé owó. Fíìmù tó bá ju wákàtí méjì lọ ń jẹ dátà gan-an, ẹlòmíì nínú ẹbí wa sì ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ ni. Tí o bá ní kó wò ó, owó rẹ̀ lo bá a ná.

Ó ti pẹ́ tí àwa ti ń ṣe irú nǹkan yìí. Nígbà tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde lọ́dún 1976, tí Adé Love, bàbá Kúnlé Afọláyan yìí gan-an, kópa nínú rẹ̀, ẹnu àwọn tó jáde nínú gbọ̀ngàn ni àwa tó wà níta fi ń mọ̀ bóyá ká san owó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé àti Jáíyésinmi kiri. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ nínú àwọn tó ti wò ó yóò sọ ibi tí ẹ̀rù ti bà á, yóò sọ ẹni tó ṣe dáadáa jù, yóò sì dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́. Ẹni tó bá sọ bó ṣe parí, inú gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ló máa bí. O sọ òpin Aníkúlápó nínú ohùn rẹ, Àdùkẹ́. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ òru ni àwọn tó ṣe fíìmù náà fi wá bí wọn yóò ṣe mú wa débẹ̀.

Lórí House of Ga'a, o ní "báyìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́." Má sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òyìnbó tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, torí wọn yóò gbà ọ́ gbọ́. Lóòótọ́ ni Baṣọ̀run Gáà gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, lóòótọ́ ló jẹ gàba lé àwọn Aláàfin lórí, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ lọ́dún 1774. Àwọn àgbà kò sì jẹ́ ká gbàgbé: bí o láyà, o ṣèkà; bí o bá rántí ikú Gáà, o sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ìtàn náà láti ìran dé ìran kí Samuel Johnson tó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Adébáyọ̀ Fálétí sọ ọ́ bí tirẹ̀ nínú eré Baṣọ̀run Gáà. Bolanle Austen-Peters náà sọ ọ́ bí tirẹ̀ lọ́dún 2024. Nítorí náà, máa ní "Gáà inú fíìmù yìí." Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì bu fíìmù náà kù.

Wàyí o, jẹ́ kí èmi náà ní kí o wo ọ̀kan, kí o sì rí bí mo ṣe fẹ́ kó rí. Ẹlẹ́ṣin Ọba ni, tí Bíyì Bándélé darí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ìparí ọdún 1944 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945: ọba wàjà, ó sì di dandan kí ẹlẹ́ṣin rẹ̀ kú tẹ̀ lé e, ni aláṣẹ òyìnbó bá dá sí i. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ṣe eré Ọba Wàjà kí Wọlé Ṣóyínká tó fi kọ eré tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1975. Nínú fíìmù yìí, tó dá lórí eré Ṣóyínká, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà padà sí, etí mi sì gbádùn rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wá. Ọdúnladé Adékọ́lá tí ẹ̀yin ọmọdé mọ̀ sí aláwàdà ló ṣe Ẹlẹ́ṣin. Wò ó lọ́jà, bó ṣe ń yan, bí gbogbo ayé ṣe ń kí i, bí ojú rẹ̀ ṣe ń bọ́ sára aṣọ àti obìnrin. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ayé tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó fi ayé sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Brymo olórin ló ṣe Olóhùn-iyọ̀, Shaffy Bello sì ni Ìyálọ́jà. Ìgbà tí Ìyálọ́jà bá ń sọ̀rọ̀, gbé fóònù sílẹ̀.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ibi tí àwọn òyìnbó wà láàárín ara wọn; ọ̀rọ̀ wọn gan pa. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìjà òyìnbó àti àṣà wa ni gbogbo rẹ̀. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé eré náà pé kí wọ́n má kà á bẹ́ẹ̀. Ọkàn Ẹlẹ́ṣin ni kí o máa ṣọ́. Má wò ó lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ ti tán ọ lókun, torí ọ̀rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìjà lọ. Bándélé kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn èèyàn ní Toronto. Ó máa ń dùn mí pé kò jókòó láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ Túndé tún wà. Ó ní Jagun Jagun kò wú òun lórí, ìwọ náà ní torí pé kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ni. Ìyẹn kò dára. Ibi tó sú u ni ò bá bi í. Bóyá ìjà ló pọ̀ jù fún un, bóyá ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Gbọ́tíjà, ọ̀dọ́ tí ìtàn náà dá lé, jinlẹ̀ sí i. O sì lè sọ fún un nípa àwọn ọfọ̀ ibẹ̀, tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀ kò lè gbé ìró wọn. Ìyẹn ni ohun tí ìwọ gbọ́ tí òun kò gbọ́. Fi fún un, má fi bú u. Bẹ́ẹ̀ ni kí o má fi owó tí fíìmù pa ṣe ẹ̀rí. A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde ní ìparí ọdún 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Mo bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ohun tí ìwọ rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.

Tí ẹnì kan bá sì ní kí o wo nǹkan, padà lọ bá a lẹ́yìn tí o bá wò ó, kódà bí kò bá wù ọ́. Èmi náà ń retí tìrẹ. Lẹ́yìn Ẹlẹ́ṣin Ọba, wá Saworoidẹ ti Túndé Kèlání wò, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Kúnlé Afọláyan wà níbẹ̀ nígbà tó ṣì kéré nídìí iṣẹ́ náà, òun ni Arẹ́sẹ̀jábàtà. Fálétí tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni Bàbá Ọ̀pálábà. Kí o wá sọ fún mi: ṣé èèyàn burúkú ni Lápitẹ́ kó tó jọba Jogbo, àbí adé ló bà á jẹ́? Láti ọdún 1999 tí fíìmù náà ti jáde ni èmi àti màmá rẹ ti ń jiyàn lé e lórí. N kò ní í sọ èwo ni tèmi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n màmá rẹ,
Bàbá Ìbàdàn