Ibà, Kòkòrò àti Eku: Ìṣòro Ọ̀rọ̀ nínú Ẹ̀kọ́ nípa Àrùn Lassa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ọdún 1969 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ́kọ́ dá àrùn Lassa mọ̀, orúkọ ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n sì fi pè é. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wà lára ibi tí ó ti ń jà jù. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín 2018 sí 2020 ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀, aláìsàn 510 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní in. Bí ìdá 12 nínú 100 wọn ni ó kú.

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù nínú ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ ni ibà. "Ibà Lassa" kò ní àbùkù gírámà kankan, ṣùgbọ́n ibà ti ní ìtọ́jú tirẹ̀ létí Yorùbá: àgbo, tàbí oògùn tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ara gbígbóná, orí fífọ́ àti àárẹ̀ ni àrùn Lassa náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn yóò mu àgbo, yóò máa wòye, ọjọ́ yóò sì máa lọ. Ìwádìí tí ó jáde láti Sierra Leone ní 1986 fi hàn pé oògùn ribavirin wúlò jù fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ kan ti ń tún ìwádìí yẹn yẹ̀ wò. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń jiyàn pé kí aláìsàn tètè dé ilé ìwòsàn. "Àrùn Lassa" ni ó yẹ kí ògbufọ̀ kọ, kí ibà sì jẹ́ ọ̀kan lára àmì rẹ̀.

"Kòkòrò àìfojúrí" ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pe fáírọ́ọ̀sì, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe bakitéríà. Kòkòrò a máa jẹun, a sì máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò lè pọ̀ sí i àfi nínú sẹ́ẹ̀lì ohun abẹ̀mí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ "kòkòrò" yóò béèrè ìdí tí oògùn apakòkòrò kò fi ràn án, ìbéèrè rẹ̀ sì tọ́. Ọ̀rọ̀ àyálò náà sàn jù, bí olùkọ́ bá ṣàlàyé rẹ̀: ìtọ́ni lásán ni, ègé RNA méjì ní ti Lassa, tí ọ̀rá bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọṣẹ fọ ìkòkò ọbẹ̀ rí yóò lóye ìdí tí ọṣẹ fi ń bà á jẹ́. Orúkọ ẹbí rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí iyanrìn, nítorí bí ó ti rí lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Kí ògbufọ̀ má dán ìtumọ̀ èyí wò, kí àwọn ará oko má baà máa wá àrùn nínú yẹ̀pẹ̀.

Ó ku eku. Mastomys natalensis ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri. Kì í ṣe òkété. "Eku ilé" kò tó, nítorí ó ń gbé oko pẹ̀lú. Ọmú púpọ̀ tí abo rẹ̀ ní ni àwọn onímọ̀ fi ń júwe rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ń rán ènìyàn lọ ka ọmú eku kò yẹ fún ìkéde. "Eku" lásán tó, bí gbólóhùn náà bá dárúkọ ìtọ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀, àti gàrí tí a sá sílẹ̀ láìbò.